Ohun Tí Ọ̀gá Mi Fi Pa Mọ́ Nínú Orin Ọ̀yà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé arúgbó tó ti hewú ló yẹ kó máa sọ irú èyí fún yín. Ẹ má wo ti irun orí mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀yà sísìn. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe é. Wọ́n ní bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kó wá wo àkísà tí mo kó jọ nílé Bàbá Ayéjùyọ̀n.

Lónìí, ọ̀kadà ni mò ń gùn láti Ore lọ sí Araromi-Obu. Mi ò níwèé-ẹ̀rí, mi ò sì ní àgò ọ̀yà kankan. Tí èrò tí mo gbé bá rí ọ̀yà yíyan létí títì, wọ́n á ní, "Ẹran ìgbẹ́ lásán, Ọlọ́run ló ń bọ́ ọ. Iṣẹ́ wo ló wà ńbẹ̀?" Inú á bí mi débi pé mo fẹ́ já wọn sí kòtò. Iṣẹ́ wo ló wà ńbẹ̀? Ẹ gbọ́ ná.

Mo ti fi iléèwé sílẹ̀ nígbà yẹn. Mo rí i pé wọ́n kàn ń fi àkókò mi ṣòfò ni. Màámi, obìnrin aláṣọ funfun tí kì í fi ìsìn ṣeré, mú mi lọ bá Bàbá Ayéjùyọ̀n, ọmọ Ìkálẹ̀ pọ́nńbélé, tó ń sin ọ̀yà lójú ọ̀nà Ajue. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta. Wọ́n gbàdúrà. Ó parí. Mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Koríko ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn. Kí oòrùn tó yọ, mo ti wà nínú eèsún, àdá lọ́wọ́. Eèsún á ya ẹ́ lápá, á ya ẹ́ létí. Tí mo bá rù ú dé, ọ̀gá á máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìrì wà lára ẹ̀, "Sá a." Èyí tó ti gbó jù, "Sọ ọ́ nù." Koríko tó tutù máa ń wú ọ̀yà níkùn, ó sì lè pa á. Ìyẹn, ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn.

Àmọ́ àwọn òfin tó kù, kò ṣàlàyé ẹyọ kan. O ò gbọdọ̀ fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀. O ò gbọdọ̀ pa páòdà. O ò gbọdọ̀ fi pòmáàdì sírun. Lọ́fíńdà ńkọ́? Háà! Ọṣẹ dúdú àti omi, ó tán. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ojú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là sáwọn ọmọbìnrin Odigbo, ẹ ní kó máa rùn bí òbúkọ!

Lọ́jọ́ kan mo fín lọ́fíńdà díẹ̀ sábíyá. Díẹ̀ báyìí! Mi ò tíì wọlé tán tí ọ̀gá fi gbé imú sókè bí ajá ọdẹ.

"Dayọ̀."

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ta lò ń gbé níyàwó lónìí?"

"Kò sí, sà."

"Kò sí? Àbí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀yà mi lo wá fẹ́? Sọ̀rọ̀, ká lọ pe àwọn òbí ẹ̀."

Àwọn obìnrin tó wá ra ẹran bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kó san owó orí kékeré o." Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

"Padà sódò," ọ̀gá ní. "Tí òórùn yẹn bá tẹ̀ lé ẹ débí, ìwọ àti òun lẹ jọ ń lọ."

"Ọ̀gá, kí ló fà á gan-an?"

"Torí pé mo ní kó o má ṣe é."

Ẹ gbọ́ ìyẹn? Torí pé mo ní kó o má ṣe é. Èsì tó ní fún gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Tó o bá bi í pé kí ló dé tójò ń rọ̀, ohun tó máa sọ nìyẹn.

Orin ló dá mi dúró. Tí kì í bá ṣe ti orin ni, mi ì bá ti sá lọ sí Ore lọ pe èrò sínú mọ́tò. Ẹ ò mọ̀ pé ọ̀yà ń kọrin? Ẹ ò tíì mọ nǹkan kan. Akọ tó bá fẹ́ bá abo ṣe, á kọ́kọ́ gbọn ìrù, á na ọrùn, á wá máa súfèé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pẹ̀lú kíkùn díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, bí ẹni tó ń kọrin nínú balùwẹ̀ tí kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Ọ̀gá á gbé etí lé pákó àgò. Tí akọ bá kọrin, á gbé abo wá bá a, wọ́n á sì ṣe é ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí kò bá kọrin, kò sóhun tó máa mú ọ̀gá gbé abo débẹ̀, torí akọ tí kò kọrin, eyín ló máa fi kí i káàbọ̀. Ọ̀yà ń fi eyín yẹn gé igi. Ẹ jẹ́ ká mọ̀.

Akọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Báàsì, torí pé ohùn ẹ̀ nípọn bíi tàwọn bàbá tó ń gba ìsàlẹ̀ orin nínú kọ́yà. Tí Báàsì bá bẹ̀rẹ̀, àwọn abo tó wà lápá kejì á dákẹ́ jíjẹ, wọ́n á naró. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo ń sọ fún un pé èmi àti ẹ̀ la jọ máa lókìkí.

Àmọ́ kí ló ń mú un kọrin? Ibẹ̀ ni ìwà ìkà ọ̀gá mi wà. Nígbàkígbà tó bá fẹ́ kí Báàsì kọrin, á ní, "Dayọ̀, lọ pọnmi wá." Ẹ̀yìn ilé ni kànga wà. Kí n tó fà á, kí n tó gbé e dé, orin ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá á ti dúró níbẹ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn bíi bíṣọ́ọ̀bù. Ó lé lọ́dún méjì tí mo fi ń pọnmi. Kí lẹ rò pé mo máa rò? Mo rò pé àdúrà ni. Mo rò pé Sáàmù kan wà tó ń kà sí i létí tí kò fẹ́ kí n gbọ́.

Nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí n gba fírídọ́ọ̀mù, ẹ̀gbọ́n ọ̀gá mi tó jẹ́ obìnrin kú ní Agbabu. Ọ̀gá ní òun máa lo ọ̀sẹ̀ kan níbi ìsìnkú. "Fún wọn lóúnjẹ. Fún wọn lómi. Gbálẹ̀ wọn. Má gbé abo kankan lọ bá akọ kankan. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta. Abo mẹ́ta ti tó gùn, mo ń wò wọ́n. Ẹ̀mí mi ò gbà á mọ́. Mo ní tí ọ̀gá bá fi máa dé, tó bá bá abo mẹ́ta nínú oyún, ṣé kò ní fún mi ní fírídọ́ọ̀mù lójú ẹsẹ̀ ni? Gbogbo iṣẹ́ yẹn ni mo mọ̀. Ohun tó kù ò ju àdúrà lọ, àdúrà sì rèé, ilé wa ló pọ̀ sí.

Mo bá lọ bá Ìyá Wòlíì, ní ilé àdúrà tí màámi ń lọ. Mo ní a fẹ́ kí Ọlọ́run bù sí àwọn ẹran wa.

Ìyá wò mí títí. "Ṣé ọ̀gá ẹ mọ̀ sí i?"

"Ó mọ̀, Ìyá. Òun ló rán mi."

Irọ́ tí mo pa nìyẹn, mo gbà. Obìnrin yẹn ò ṣẹ̀ mí. Ó gbàdúrà tọkàntọkàn, ó fún mi ní tùràrí àti ìgò lọ́fíńdà tó ti gbàdúrà sí, ó ní kí n wọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà, ohun tó sọ nìyẹn. Èmi tí mo fẹ́ kó yá, mo wọ́n ọn sínú gbogbo àgò. Mo wọ́n ọn sórí koríko tí wọ́n ń sùn lé. Mo wọ́n ọn sára àwọn abo. Mo ń jó tùràrí láàárọ̀, mo ń jó o nírọ̀lẹ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ilé ọ̀yà ń ta sánsán bí ọjọ́ ìkórè.

Báàsì ò kọrin. Mo ka Sáàmù sí i létí, ó wò mí, ó ń jẹ eèsún ẹ̀ lọ. Onísùúrù ì bá dúró. Èmi ò ní sùúrù, mi ò sì ní in títí dòní. Mo gbé abo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àgò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo tilẹ̀kùn, mo lọ jẹ ẹ̀bà.

Igbe ẹran ló gbé mi nídìí oúnjẹ. Kí n tó dé ibẹ̀, Báàsì ti já abo kan lọ́rùn. Èkejì ti fàya níkùn. Ẹ̀kẹta ká gúlútú sí igun. Mo kiwọ́ bọ̀ ọ́ láti fà á yọ, Báàsì bá gé orí ìka mi. Ẹ bá mi nídìí ọ̀kadà, ẹ ó rí i, ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì mi kúrú. Mo gbé èyí tó fàya níkùn lé ẹsẹ̀, ó ń mí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, lọ́fíńdà ló ń ta lára ẹ̀. Mi ò gbóòórùn ọ̀yà kankan lára ọ̀yà. Ó kú bẹ́ẹ̀. Ẹ má rò pé mi ò sunkún.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ kejì. Kò tíì rí òkú ẹran tó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú, ó fọwọ́ di ògiri mú.

"Ta ló kú síbí tẹ́ ẹ wá ń fi òórùn bò ó?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀.

"Ṣé mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ fún ẹ?"

"Ẹ sọ fún mi, sà. Ẹ ní kí n má ṣe é. Ẹ ò sọ ìdí ẹ̀."

Ó gbá mi létí. "Ìdí! Ṣé ìdí lo wá sìn níbí ni àbí ọ̀yà?"

Ó kó gbogbo koríko jóná, ó fi omi eérú fọ àgò ní àfọ̀túnfọ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́ta míì. Màámi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló pa abo méjì yẹn? Ẹ máa ní èmi ni. Mo gba tọwọ́ mi. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n àgbà tó mọ oògùn, tó gbé e sínú agbada ẹ̀fọ́, tó wá ní "má jẹ ẹ́" láìsọ pé oògùn ni, kí la fẹ́ pe òun? Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nígbà tí òórùn yẹn lọ tán, ó tó bí oṣù kan, ọ̀gá tún ní, "Dayọ̀, lọ pọnmi wá." Mo gbé korobá, mo yí sẹ́yìn ilé, mo gbé e kalẹ̀, mo yọjú níbi tí pákó ti sán. Kí ni mo rí? Kò sí Sáàmù kankan. Ọ̀gá kiwọ́ sí àgò abo, ó bu ẹ̀kúnwọ́ koríko tí abo ti tọ̀ sí, ó tì í bọ abẹ́ ẹ̀wù, ó lọ jù ú síwájú Báàsì. Báàsì kimú bọ̀ ọ́, ó gbórí sókè, ìrù ẹ̀ gbọ̀n, orin bẹ̀rẹ̀. Abo ò sí níbẹ̀ o! Òórùn ìtọ̀ ẹ̀ lásán ni.

Mo jókòó sílẹ̀. Ìtọ̀! Torí ìtọ̀ ni mo ṣe ń pọnmi láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta wá! Torí ìtọ̀ ni abo méjì ṣe kú!

Èmi kì í sì í ṣe ẹni tó ń fojú kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó gbà á gbọ́. Ọjọ́ Ìsinmi tí ọ̀gá lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo dán an wò fúnra mi. Mo fún Báàsì ní koríko tí ẹnikẹ́ni ò tọ̀ sí: ó jẹ ẹ́. Mo fún un ní èyí tí akọ míì tọ̀ sí: ó ń pa eyín keke. Mo fún un ní tabo: orin. Mo wá mú tabo kan náà, mo kán lọ́fíńdà ẹ̀kán kan péré sí i: ó sín, ó kọ̀dí sí mi. Mo fi fóònù gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mi ò kàwé tán, àmọ́ ẹ mú oníwèé tó ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ wá.

Ayé sì ti ń yí padà nígbà yẹn. Àgò pákó tí mo bá níbẹ̀, a ti fi wáyà rọ́pò ẹ̀, etí ọ̀gá sì ti ń di díẹ̀díẹ̀, fóònù mi, tí mo ń gbé sílẹ̀ létí àgò, ló wá ń gba orin sílẹ̀ fún un. Ọkùnrin kan tiẹ̀ wá láti yunifásítì pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ gba ohùn Báàsì. Ẹ mọ ohun tí ọ̀gá ṣe? Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Dayọ̀ fa omi díẹ̀." Èmi àti dókítà la jọ wà létí kànga. Ó ń làágùn, ó ń sọ fún mi pé eku kéékèèké inú ilé wa pàápàá ń kọrin fún abo wọn, pé tí akọ bá ti gbóòórùn ìtọ̀ abo ló máa ń bẹ̀rẹ̀, pé ohùn ẹ̀ ló ga ju ohun tí etí èèyàn lè gbọ́, ẹ̀rọ nìkan ló ń gbọ́ ọ. Mo ní, "Ti ìtọ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Mo fi ohun tó wà nínú fóònù mi hàn án. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́dún kẹfà, obìnrin kan wá kọ́ṣẹ́ láti Araromi-Obu, Ìyá Bọ̀sẹ̀. Opó ni. Àwọn ẹbí ọkọ ti gba oko kòkó lọ́wọ́ ẹ̀, abo ọ̀yà mẹ́rin ló kù tó ń wò lójú, ó fẹ́ fi wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bọ́jọ́ orí ẹ̀ ṣe tó, tó lè bí mi, ọ̀gá ń rán an: "Lọ pọnmi wá." Páòdà ló ń pa sọ́rùn torí ooru. Ọ̀gá ní kó má pa á. Ó béèrè ìdí. Ẹ ti mọ èsì. Tó bá ti wá síṣẹ́, kì í pa á, àmọ́ nílé, ta ló rí i? Ọwọ́ páòdà ló fi ń tẹ́ koríko fáwọn ẹran ẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n gba fírídọ́ọ̀mù tó fi gbé òkú abo kan wá nínú bàsíà. Akọ tó lọ yá ló pa á. Kò sunkún, ó kàn gbé bàsíà náà síwájú ọ̀gá.

"Bàbá, kí ni mo ṣe?"

"Ọwọ́ rẹ ò mọ́," ọ̀gá ní, ó sì wọlé.

Mo mọ ohun tó ṣe. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì, torí pé fírídọ́ọ̀mù ku ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó ń tì mí lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Mẹ́ta ló kù fún un.

Ọjọ́ pé. Màámi wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, Ìyá Wòlíì wà níbẹ̀, àwọn àgbà mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ àwa tó ń sin ọ̀yà jókòó. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ń gbé mínírà kiri fún wọn. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sínú ìwé-ẹ̀rí, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Màámi ti fọwọ́ nù ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá gbàdúrà. Ó wá gbé Bíbélì síwájú mi.

"Kí n tó gbé e fún ẹ, wàá búra. Ohun tó o mọ̀ nílé yìí, o ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí èmi ò bá sọ ọ́ fún."

"Kí ni mo mọ̀, sà?"

"Ṣó o rò pé mi ò rí i pé korobá ẹ kì í kún mọ́?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

"Ọ̀gá, Ìyá Bọ̀sẹ̀ ńkọ́?"

"Ó máa mọ̀ tó bá yá."

"Ìgbà wo ló máa yá? Tí abo ẹ̀ bá tán?"

Màámi ní, "Dayọ̀!"

Ọ̀gá ò tiẹ̀ bínú. Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án lẹni tó kọ́ mi fi rán mi pọnmi. Ọmọ àbúrò mi ni mo kọ́ tí mi ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún. Ó lọ ṣí tiẹ̀ sísàlẹ̀ ọ̀nà, ó kó gbogbo oníbàárà mi lọ. Ohun tí mo mọ̀ yìí ni oúnjẹ mi, Dayọ̀. Mi ò ní oko, mi ò lọ́mọ tó ń rán nǹkan sí mi."

Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, ìyẹn tún wá bí mi nínú sí i. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé, àmọ́ ta ló ń bá a ru igbá náà láti ọdún mẹ́fà? Màámi ń fojú bẹ̀ mí. Mo nawọ́ sí Bíbélì. Mo rí Ìyá Bọ̀sẹ̀ lẹ́yìn àwọn àgbà, páòdà funfun lọ́rùn ẹ̀ torí ọjọ́ àríyá ni, ó ń ṣí ìgò mínírà.

Mo yí sí i. "Ìyá Bọ̀sẹ̀, ìtọ̀ abo ni. Ẹ bu koríko tí abo ti tọ̀ sí, ẹ fún akọ. Tó bá kọrin, ẹ gbé abo lọ bá a. Tí kò bá kọrin, ẹ má gbé e débẹ̀. Páòdà yẹn, lọ́fíńdà, ọṣẹ olóòórùn, òun ló ń bo òórùn abo mọ́lẹ̀, akọ ò ní mọ̀ pé abo ni. Òun ló pa tiyín. Òun náà ló pa méjì lọ́wọ́ mi. Ó tán. Kò sí nǹkan míì ńbẹ̀."

Ọ̀gá mú ìwé-ẹ̀rí náà kúrò lórí ẹsẹ̀ màámi, ó fi sábẹ́ abíyá.

"Máa lọ," ó ní. "Láti Ore dé Ajue, kò sẹ́ni tó máa ta akọ ọ̀yà kan fún ẹ. Àwọn tó jókòó yìí ti gbọ́. Ta ló máa pè ẹ́ lọ́gàá láyé yìí?"

Mo ti ń lọ. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo rò pé màámi ni, mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni. Ó ti fi omi fọ ọrùn ẹ̀, omi ń kán sórí bùbá ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ níwájú mi, lójú gbogbo wọn.

Ó ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá."

Inú ń bí mi, sí ọ̀gá, sí ara mi, débi pé mo kàn fà á lápá dìde.